Kí A Tó Náwó Lé Máíkì

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń kọrin, tó ń ké ewì, tó ń ka ìtàn tàbí tó ń wàásù sórí íntánẹ́ẹ̀tì láti inú ilé wọn ló gbà pé owó nìkan ló dí wọn lọ́wọ́. Wọ́n á tu owó jọ fún oṣù mélòó kan, wọ́n á ra máíkì tí wọ́n rí níwájú olórin ńlá kan nínú fídíò, wọ́n á gbé e dúró sí àárín yàrá tí a fi búlọ́ọ̀kù mọ, tí a fi símẹ́ńtì rẹ́, tí a fi táìsì tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ sí í gba ohùn sílẹ̀. Ohùn tó máa jáde á dà bíi ti ẹni tó ki orí bọ inú àgbá òfìfo. Wọn kì í fura sí yàrá. Máíkì ni wọ́n á bá wí, wọ́n á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í tu owó jọ fún èyí tó wọ́n jù ú lọ. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò lè dùn létí àwọn tó ń ta ẹ̀rọ ní Alábà àti ní Ìkẹjà: fóònù tó wà lápò ọ̀pọ̀ wa báyìí ti tó gba ohùn tó dára sílẹ̀. Yàrá tí a jókòó sí àti ìjìnnà tó wà láàárín ẹnu àti máíkì ló ń ba iṣẹ́ jẹ́, méjèèjì la sì lè tún ṣe láì ná owó tó nǹkan.

Ẹ̀rí ọ̀rọ̀ yìí ti lé ní 125 ọdún. Ní 1895, gbọ̀ngàn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan wà ní Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà, nínú ilé tuntun tí wọ́n ń pè ní Fogg, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò ti gbọ́ àgbọ́yé ohun tí olùkọ́ ń sọ. Wọ́n gbé ìṣòro náà lé ọ̀dọ́ olùkọ́ físíìsì kan lọ́wọ́, Wallace Clement Sabine. Ohun èlò tí Sabine fi ṣe ìwádìí kò ju fèrè dùùrù, aago tí a fi ń ka ìṣẹ́jú àáyá, àti etí ara rẹ̀ lọ. Ní òru, nígbà tí ariwo ìgboro bá ti rọlẹ̀, òun àti àwọn tó ń ràn án lọ́wọ́ á ru tìmùtìmù ìjókòó láti gbọ̀ngàn mìíràn, Sanders Theatre, wọ inú Fogg. Wọ́n á fọn fèrè, wọ́n á dá a dúró lójijì, wọ́n á sì ka bí ohùn náà ṣe pẹ́ tó kó tó kú. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n á ti kó tìmùtìmù onítìmùtìmù padà síbi tí wọ́n ti kó o. Nínú gbọ̀ngàn òfìfo, ohùn ń pẹ́ tó ìṣẹ́jú àáyá 5 àti ààbọ̀ kó tó parẹ́. Olùkọ́ á ti pe ọ̀rọ̀ bíi mẹ́wàá lé ara wọn kí èyí tó kọ́kọ́ pè tó kú. Bí tìmùtìmù ti ń pọ̀ sí i ni àkókò náà ń kúrú, títí tí kò fi ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 1 lọ mọ́. Sabine tilẹ̀ rí i pé ara ènìyàn kan ṣoṣo ń gba ohùn mu tó tìmùtìmù 6. Inú iṣẹ́ òru yìí ni ìṣirò tí àwọn tó ń kọ́ gbọ̀ngàn ń lò títí dòní ti jáde, òun náà ni wọ́n tẹ̀ lé nígbà tí wọ́n ń kọ́ Symphony Hall ní ìlú Boston, tí wọ́n ṣí ní 1900. Kò sí ẹni tó fún olùkọ́ inú Fogg ní ohùn tuntun. Tìmùtìmù ni wọ́n gbé wọlé.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Fogg náà ló ń ṣẹlẹ̀ nínú pálọ̀ wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tiwa kéré. Nínú afẹ́fẹ́ ilé, ohùn ń rin nǹkan bíi mítà 343 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú yàrá ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 12, kí ènìyàn tó pe ọ̀rọ̀ kan tán, ọ̀rọ̀ náà ti lu ògiri, ó ti padà, ó ti lọ bá ògiri kejì, ó ti tún padà, kò sì tíì rẹ̀ ẹ́. Ògiri símẹ́ńtì tí a kùn lọ́dà kì í gbà ju nǹkan bí ìdá 2 nínú 100 lọ nínú ohùn tó bá kọ lù ú. Ìyókù ló ń jù padà sí wa. A kì í fura, nítorí pé Ọlọ́run fún wa ní etí méjì àti ọpọlọ tó ń bá wọn ṣa èyí tó wúlò kúrò nínú èyí tí kò wúlò. Máíkì kò ní ọpọlọ. Gbogbo ohun tó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń gbà, bí máíkì bá sì ti dára tó ni yóò ti fi ìbúra ròyìn àìdára yàrá náà tó. Ìdí nìyí tí máíkì condenser olówó ńlá, tí etí rẹ̀ mú, fi lè bu ẹni tó rà á kù nínú yàrá táìsì, nígbà tí fóònù lásán á ṣe dáadáa nínú yàrá tí aṣọ kún. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ipò tí yàrá rẹ̀ wà, kó dúró ní àárín rẹ̀, kó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ìró tín-ín-rín kan bá ń gbọ̀n tẹ̀ lé àtẹ́wọ́ náà, ìró yẹn ló máa wà lábẹ́ gbogbo gbólóhùn tó bá sọ síbẹ̀.

Ohun tó nípọn, tó rọ̀, tí afẹ́fẹ́ lè wọ inú rẹ̀ ló ń gba ohùn mu. Fóòmù tí à ń sùn lé jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú wọn, kọ́tìnì tó wúwo tí a kó jọ ní ìṣẹ́po jẹ́ òmíràn, bẹ́ẹ̀ ni aṣọ òkè, búláńkẹ́ẹ̀tì àti rọ́ọ̀gì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń to fóòmù sí ẹ̀yìn máíkì, wọ́n á sì fi ògiri gbalasa sílẹ̀ ní ẹ̀yìn ara wọn. Òdìkejì ló yẹ, nítorí pé máíkì tó bá ń gba ohùn láti iwájú nìkan, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àti ohun tó wà lẹ́yìn ẹni náà ló dojú kọ. Ẹ̀yìn asọ̀rọ̀ ni kí fóòmù dúró sí. Bí àpótí aṣọ ńlá bá wà, kí a ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, kí a kọjú sí aṣọ inú rẹ̀, kí a máa sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ akọ̀ròyìn rédíò tó ń ṣiṣẹ́ láti ilé mọ àṣírí yìí. Ti kíréètì ẹyin tí àwọn kan ń lẹ̀ mọ́ ògiri ńkọ́? Páálí tẹ́ẹ́rẹ́ ni. Ìwọ̀nba ìró òkè tó mú ṣánṣán ló lè dín kù, ohùn ìsàlẹ̀ á gba inú rẹ̀ kọjá bíi pé kò sí níbẹ̀, yàrá á wá máa dún bákan ṣáá. Bí iná bá sì ràn mọ́ ọn, ó di jàǹbá. Kí ẹni tó ní kíréètì ẹyin máa fi kó ẹyin.

Ìhín yìí ni àwọn kan á ti sọ pé ilé àwọn kéré, yàrá kan ṣoṣo ni ìdílé odindi ń gbé, níbo ni àwọn á ti rí àyè sítúdíò? Mo rò pé àtakò yìí gbé ara rẹ̀ ṣubú. Yàrá kékeré tí bẹ́ẹ̀dì gba ìdajì rẹ̀, tí aṣọ kọ́ sára ògiri, tí báàgì àti ẹrù wà lórí ara wọn ní gbogbo igun, ó sàn fún ìgbohùnsílẹ̀ ju pálọ̀ ọlọ́rọ̀ lọ, tí táìsì rẹ̀ ń dán, tí gíláàsì gba ojú fèrèsé rẹ̀ tán, tí àga rẹ̀ jẹ́ awọ. Olówó á ní láti ra ohun tí tálákà ti ní. Ẹ rántí tìmùtìmù 6 tí ara ènìyàn kan dúró fún: bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò bá lè jókòó jẹ́ẹ́ sí igun yàrá fún ìdajì wákàtí, iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe.

Ọ̀rọ̀ ìjìnnà rọrùn ju ti yàrá lọ, síbẹ̀ òun ni a kì í kà sí jù. Bí a bá sún máíkì jìnnà sí ẹnu ní ìlọ́po méjì, agbára ohùn tó ń dé ibẹ̀ á dín kù sí ìdámẹ́rin. Máíkì tó wà ní sẹ̀ǹtímítà 20 sí ẹnu, ìyẹn nǹkan bí ibi tí àtàǹpàkò àti ọmọńdinrín ń gbà bí a bá na ọwọ́ tán, bí a bá gbé e lọ sí sẹ̀ǹtímítà 80, ìdá kan nínú 16 ohùn náà ló máa rí gbà. Ariwo fáànù kò dín kù ní tirẹ̀, gbohùngbohùn inú yàrá kò dín kù, ọmọ aládùúgbò tó ń sunkún kò dín kù. Lójú máíkì, gbogbo wọn ti di ẹgbẹ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ẹ wo bí a ṣe ń gba ọ̀rọ̀ àwọn àgbà sílẹ̀ níbi ayẹyẹ: fóònù á wà lọ́wọ́ ẹni tó dúró sí òdìkejì yàrá nítorí pé ó fẹ́ kí gbogbo ara bàbá hàn nínú àwòrán. Àwòrán á dára, ọ̀rọ̀ á sọnù. Bí fóònù méjì bá wà nínú ilé, kí ọ̀kan máa ya àwòrán láti ibi tó bá fẹ́, kí èkejì wà nítòsí àyà bàbá, lórí aṣọ tí a ká, kí gbígbọ̀n tábìlì má baà wọ inú rẹ̀. Kí ó má sì dojú kọ ẹnu gan-an. Kí ó yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, kí èémí má máa fẹ́ lù ú.

Ariwo ìta ni àtakò tó le jù, n kò sì ní fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Fóòmù tó ń pa gbohùngbohùn inú yàrá kò lè dí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò lọ́wọ́. Iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, ohun tó wúwo tó sì dí pátápátá ló ń dá ariwo ìta dúró, ilé tí a yá gbé kò sì gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Fún èdè wa, tí ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ń yí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ padà, jẹnẹrétọ̀ burú ju bí a ṣe rò lọ. Èyí tó bá ń yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan ni à ń bá pàdé jù nínú àwọn kékeré, kùùkùù rẹ̀ sì ń gbọ̀n ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá, àti ní 100, àti ní 150. Ohùn ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ ń gbọ̀n láàárín nǹkan bíi 85 sí 180. Èyí já sí pé àárín agbègbè tí ohùn ìsàlẹ̀ ọkùnrin àgbàlagbà ń gbé ni jẹnẹrétọ̀ ti lọ tẹ́ ẹní tirẹ̀ sí, pàápàá ní ìparí gbólóhùn, níbi tí ohùn àgbàlagbà ti máa ń rọlẹ̀. Lóòótọ́, etí lè fi ìró òkè mọ ibi tí ohùn ń lọ, ṣùgbọ́n ó gba làálàá, ẹni tó bá sì ń ṣe làálàá láti gbọ́ ewì kò gbádùn ewì. A lè fi áàpù gé gbogbo ohun tó wà lábẹ́ 80 kúrò láìsí ìpalára. Bí a bá wá fẹ́ gé 100 àti 150 kúrò, ara ohùn bàbá la ti ń gé.

Nítorí náà, àkókò ni oògùn rẹ̀. Sabine ní Harvard pàápàá, òru ló yàn. Aago mẹ́rin ìdájí, kí wọ́n tó pe ìrun, tí jẹnẹrétọ̀ òru ti kú, tí ọkọ̀ kò tíì pọ̀ lójú títì, ọ̀pọ̀ àdúgbò máa ń pa rọ́rọ́ fún bíi wákàtí kan. Àwọn àgbà wa náà sì máa ń ti jí ní àsìkò yẹn. Kí a pa fáànù, kí a yọ fíríìjì kúrò lára iná, kí a kọ́kọ́ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, kí a gbọ́ ohun tí yàrá ń sọ. Àkùkọ nìkan ni kò gba ẹ̀bẹ̀. Òjò lórí páànù náà kò ní oògùn. Ọjọ́ mìíràn ọjọ́ ire.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì rò pé iṣẹ́ ilé kò lè jẹ́ iṣẹ́ gidi, ẹ jẹ́ ká wo ilé àwọn tí owó kò jẹ́ ìṣòro fún. Ní oṣù kìíní 1982, Bruce Springsteen, olórin ará Amẹ́ríkà, jókòó nínú ilé tó ń gbé ní Colts Neck, ìpínlẹ̀ New Jersey, pẹ̀lú ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì TEAC kékeré kan tó ń gba ohùn ní ọ̀nà mẹ́rin àti máíkì Shure SM57 méjì. Ó kàn fẹ́ fi àwọn orin tó gbà sílẹ̀ níbẹ̀ han ẹgbẹ́ akọrin rẹ̀ ni. Wọ́n gbé wọn lọ sí sítúdíò, wọ́n tún wọn kọ pẹ̀lú ìlù àti gìtá, kò tó èyí tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì. Kásẹ́ẹ̀tì náà ni wọ́n sọ di àwo Nebraska ní ọdún yẹn kan náà. Ní 2019, olórin Billie Eilish àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Finneas gbé àwo jáde tó jẹ́ pé yàrá ibùsùn ẹ̀gbọ́n náà, nínú ilé òbí wọn ní Los Angeles, ni wọ́n ti ṣe púpọ̀ jù lọ nínú rẹ̀. Ní oṣù kìíní 2020, ó gba ẹ̀bùn Grammy fún àwo tó dára jù lọ lọ́dún náà. Mo mọ ohun tí alátakò á sọ: ẹ̀bùn abínibí ni, kì í ṣe yàrá. Mo gbà. Ohun tí mo ń sọ kò ju pé yàrá ibùsùn kò pa ẹ̀bùn náà lára. Kí n sì má tan ẹnikẹ́ni jẹ: àwọn tó gbé kásẹ́ẹ̀tì Springsteen sórí àwo jìyà gan-an, nítorí pé bí ó ṣe gba ohùn náà sílẹ̀ kò rọrùn láti gbé lọ síbòmíràn. Ẹ̀rọ ní àyè tirẹ̀. Kì í ṣe òun ló yẹ kó ṣíwájú ni.

Sítúdíò náà ní àyè tirẹ̀. Ẹgbẹ́ fújì tó ní onílù mẹ́wàá, ìyáàlù àti omele tó ń dáhùn ara wọn, akọrin tó ju mẹ́fà lọ, irú wọn kò lè wọ yàrá ẹsẹ̀ bàtà 10 kí ohùn má di rúdurùdu. Bí àwọn yẹn kò bá ní owó sítúdíò, ìta gbangba ló kàn, níbi tí kò ti sí ògiri tó máa dá ìlù padà. Ìjálá àti rárà kò fi ìgbà kan jẹ́ iṣẹ́ abẹ́ òrùlé. Ojúde àti gbàgede ni wọ́n ti gbó. Ẹ̀fúùfù nìkan ni ọ̀tá níbẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ tó mọ́ tí a fi bo ojú máíkì á sì gba díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni kan tó ń sọ̀rọ̀, tó ń ké ewì, tó ń ka ìwé tàbí tó ń fi gìtá kan kọrin, n kò rí ìdí tó fi gbọ́dọ̀ sanwó wákàtí sítúdíò kó tó lè dún bí ènìyàn.

Àtakò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ̀lú báyìí ni pé áàpù ti wà tó ń fọ ohùn mọ́: kí a gbà á sílẹ̀ bó ṣe wù kó rí, kọ̀ǹpútà á tún un ṣe. Lórí kùùkùù tó dúró sójú kan, bíi ti fáànù, àwọn áàpù wọ̀nyí ń ṣe dáadáa. Gbohùngbohùn yàtọ̀, nítorí pé kì í ṣe ohun àjèjì tó wọlé wá. Ohùn asọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ ni, tó tún padà wá dúró lé ara rẹ̀ lórí. Ẹ̀rọ tó bá fẹ́ yọ ọ́ gbọ́dọ̀ máa méfò ibi tí ohùn gidi parí sí. Bí ó bá méfò bó ṣe tọ́, à ń dúpẹ́. Bí kò bá méfò bó ṣe tọ́, yóò gé ìparí ọ̀rọ̀, yóò sì fi ìdánilójú gé e, ẹni tí kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà kò sì ní mọ̀ pé nǹkan kan sọnù. Ohùn tó pọ̀ jù fún ẹ̀rọ, tó ti fọ́ nítorí pé a sún agbára ìgbohùn lọ sókè pátápátá, kò ṣe é dá padà sí bó ṣe wà. Kí ohùn má dé òkè téńté. Kí a fi àyè sílẹ̀ fún ẹ̀rín àti igbe. Àwọn kan tún máa ń sọ pé orí fóònù lásán ni ènìyàn á ti gbọ́ ọ, kí ló kàn wọ́n? Sípíkà fóònù kékeré kò ní ìró ìsàlẹ̀ tó lè bo àbùkù mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí kò já gaara nínú yàrá kò ní já gaara nínú ọkọ̀ akérò.

Gbogbo èyí ì bá má fi bẹ́ẹ̀ ká mi lára bó bá jẹ́ ti olórin nìkan. Ohùn àwọn àgbà ilé ni mo ń rò. Ní 1940 sí 1941, onímọ̀ èdè kan tó jẹ́ adúláwọ̀ ará Amẹ́ríkà, Lorenzo Dow Turner, gbé ẹ̀rọ tó ń kọ ohùn sára àwo lọ sí Bahia ní Brazil, ó sì gba ọ̀rọ̀ àti orin àwọn olórìṣà sílẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀kan lára àwọn tó bá a sọ̀rọ̀ ni Martiniano do Bonfim, bàbá arúgbó tó ti gbé ní Èkó fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ìgbà èwe rẹ̀, tó sì gbọ́ Yorùbá. Martiniano kú ní 1943. Bí Turner bá sọ pé òun á dúró de ẹ̀rọ tó dára ju èyí tó wà lọ́wọ́ òun lọ, kì bá tí bá a mọ́. Yunifásítì Indiana ni àwọn àwo náà wà dòní, àwọn ènìyàn Bahia sì ti ń gbọ́ ohùn àwọn àgbà wọn láti inú wọn. Fóònù tó wà lọ́wọ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama báyìí ń gba ohùn tó mọ́ ju ti Turner lọ fíìfíì. Síbẹ̀, mélòó ni ìdílé tó ní oríkì orílẹ̀ wọn láti ẹnu ìyá àgbà, odindi, láìsí orin DJ lábẹ́ rẹ̀?

Àwọn ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Houston máa ń gbìyànjú, wọ́n á pe ìyá lórí fóònù, wọ́n á sì gba ìpè náà sílẹ̀. Ìpè fóònù àtijọ́ kì í gbé ju ìró 300 sí 3,400 ní ìṣẹ́jú àáyá lọ, bẹ́ẹ̀ òkè ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú ìyàtọ̀ s àti ṣ wà. Ti íntánẹ́ẹ̀tì sàn jù, ṣùgbọ́n ó máa ń já bí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá ti ṣe ségesège. Ọ̀nà tó dára ni kí ìpè máa lọ lórí fóònù kan, kí ìyá lè máa gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ kí ara rẹ̀ sì yá gágá, kí ẹnì kan nílé gbé fóònù kejì sí nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20 sí ẹnu ìyá, kí èyí máa gba ohùn sílẹ̀ láìní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Kí ọmọ tó wà lókè òkun bèèrè ìbéèrè, kó dákẹ́, kó má máa fi “ẹn, ẹn, ẹ ṣeun mà” bo ìparí ọ̀rọ̀ ìyá. Kí fóònù kejì wà ní ipò tí ìpè kò lè wọlé. Bí áàpù rẹ̀ bá ní WAV, òun ni kí a yàn; wákàtí kan rẹ̀ kì í ju nǹkan bíi 350 MB lọ bó bá jẹ́ 48,000 àti 16 bit, ní ọ̀nà kan ṣoṣo. Kí a kọ́kọ́ sọ orúkọ ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀, ìlú àti ọjọ́, kí ìyẹn wà nínú ohùn fúnra rẹ̀, nítorí pé orúkọ tí a kọ sórí fáìlì lè yí padà. Kí ẹ̀dà kan wà nílé, kí ọ̀kan wà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn ní ìlú mìíràn. Bí a bá sì fẹ́ fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kí a fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìwé, ìyẹn ibi tí wọ́n kọ document sí, nítorí pé bí a bá tún un gbà sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohùn orí WhatsApp, áàpù náà á fún un pọ̀ kó lè fúyẹ́, gbogbo ohun tí a pa fáànù tí a sì jí ní ìdájí nítorí rẹ̀ á sì ti bá ọ̀nà lọ kó tó dé Lọ́ńdọ̀nù.